Egbò Ti Jiná, Oró Ò Lọ: Ìbéèrè Yín fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tí mo gbà lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́rin nínú ẹ̀ dà bíi pé ilé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìrora tó wọlé tí kò jáde mọ́. Mo ní kí n kúkú kó wọn pọ̀. Èyí tó gùn jù ni n ó fi ṣíwájú, torí inú ẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Káfíńtà ni mí, Ìsàlẹ̀ Afọ́n níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí máṣíìnì tá a fi ń la pákó gé mi lápá, díẹ̀ sókè ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n rán an, ó jiná, àpá nìkan ló kù, àmọ́ àpá yẹn gan-an ni wàhálà mi. Tí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì bá ti fara kàn án báyìí, ńṣe ló máa jó mi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i, tó bá wá di àsìkò ọyẹ́, atẹ́gùn lásán, mo lè kígbe. Ọmọ mi tó kéré jù ò lè dì mọ́ mi lápá ọ̀tún mọ́. Pàrásítámọ̀, Alabukun, díkílò, gbogbo ẹ̀ ni mo ti lò, kò gbọ́ oògùn. Ìyàwó mi ní mo kàn ń rò ó ni, ìyá ìyàwó mi ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ṣé egbò tó ti jiná tún lè máa dunni ni? — Káfíńtà, Ìsàlẹ̀ Afọ́n

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, ọ̀gá Káfíńtà. Ẹ ò rò ó o, ẹ ò sì lójo. Pé aṣọ lásán ń jó yín bí omi gbígbóná yẹn, àwa tá a ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, kì í ṣe awọ ara ló ṣì ń ṣàìsàn, nẹ́ẹ̀fù abẹ́ ẹ̀ ló fara gbọgbẹ́. Mo pè é ní nẹ́ẹ̀fù torí pé àwa Yorùbá, "iṣan" là ń pe gbogbo ẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni, èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan ni, èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ náà, iṣan ni, ẹni tó ń fi òróró fa iṣan ò sì ní sọ fún ẹ èwo ló ń fà.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ ata lọ. Níbi ìkómọ kan ní Tákìé, èmi tí mo ń pera mi ní nọ́ọ̀sì yìí ni mo fi ọwọ́ tí mo fi já ìdí ata rodo nu ojú. Ẹ gbà mí! Ojú ń jó, imú ń ṣomi, àwọn ìyá àgbà jókòó sídìí agbada wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti tẹmómítà bọ inú ata yẹn, kò gbóná ju yàrá tó wà lọ. Kò síná nínú ata. Nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní capsaicin ló wà nínú ẹ̀, òun ló mọ ilẹ̀kùn kan kàn lára nẹ́ẹ̀fù, ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ooru tó bá ti tó nǹkan bíi díńgírì 43 máa ń ṣí, ọpọlọ ò sì mọ̀ ìyàtọ̀, "iná!" ló ṣáà gbọ́. David Julius àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà ló rí ilẹ̀kùn náà lọ́dún 1997, TRPV1 lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2021, òun pẹ̀lú Ardem Patapoutian tó rí ilẹ̀kùn ti ìfọwọ́kàn. Ata tí à ń lọ̀ lójoojúmọ́!

Ó dáa. Tí èèyàn bá fara pa, ojú egbò á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àrokò ránṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ àrokò, láyé àwọn bàbá wa, tí ìlú kan bá ní ọ̀rọ̀ fún ìlú kejì, wọn ò ní kọ̀wé, wọ́n á di nǹkan sínú igbá tàbí kí wọ́n so ó mókùn, ẹni tó bá gbà á ló máa tú ìtumọ̀ ẹ̀. Ti inú ara náà ò sọ̀rọ̀, èròjà wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kan nínú wọn ni prostaglandin. Tó bá dé ìdí ilẹ̀kùn tí mo wí yẹn, á tú ìdè ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tí ooru kékeré tí kò yẹ kó ṣí i fi máa wá ṣí i, ìdí nìyẹn tí omi ìwẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fi máa ń jó ojú egbò tuntun. John Vane ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi hàn lọ́dún 1971 pé ńṣe ni aspirin kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin. Aspirin yẹn ló wà nínú Alabukun, òun àti kaféènì, ọ̀nà kan náà ni díkílò àti ibuprofen sì ń tọ̀. Oníṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá dúró lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ oníṣẹ́ yẹn ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ó rí ìtura. Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?

Tiyín kì í ṣe òun mọ́, ọ̀gá. Máṣíìnì yẹn gé nẹ́ẹ̀fù fúnra ẹ̀, nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n bá sì gé, apá tó kù sí ìsàlẹ̀ máa ń kú ni, Augustus Waller rí èyí lára ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ látọdún 1850. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ á wá kó pàǹtírí ẹ̀ dà nù, bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ ni wọ́n ń pariwo, wọ́n ń tú àrokò tó ń jẹ́ TNF àti interleukin síta. Wọn ò wá ṣebi o, iṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n wá ṣe, àmọ́ ariwo wọn ń rin nẹ́ẹ̀fù tó kù láyìíká lára. Orí tí wọ́n gé yẹn náà á máa rú, á máa wá ọ̀nà tó máa gbà lọ bá ẹnìkejì ẹ̀, tí àpá bá dí i lọ́nà, á ká jọ síbẹ̀, á di kókó. Ilẹ̀kùn tí sódíọ̀mù ń gbà wọlé á kún inú kókó yẹn fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọlé sódíọ̀mù yẹn ni iná tí nẹ́ẹ̀fù fi ń ṣiṣẹ́. Ó wá dà bíi wáyà tó já lórí òpó tó ń ta pàrà fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ibi tó wá dùn mí láti sọ jù rèé, torí ibẹ̀ ni ìyàwó yín á ti gbà pé ẹ ò purọ́. Wàhálà náà ò dúró sápá, ó gòkè lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀, microglia ni wọ́n ń jẹ́, jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń jókòó. Tí nẹ́ẹ̀fù bá ti fara gbọgbẹ́, wọ́n á jí, wọ́n á wú, wọ́n á yọ ilẹ̀kùn tuntun síta tí àrokò kan tó ń jẹ́ ATP máa ń kàn. Lọ́dún 2003, àwọn ará Jàpáánù àti Kánádà kan ṣe ohun tí mi ò lè gbàgbé, wọ́n fi ATP ta ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí jí nínú abọ́, wọ́n wá fà á sẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn eku tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe léṣe. Nígbà tó yá, wọ́n fi fọ́nrán ọ̀rá tín-ín-rín bí irun kan eku náà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ sókè. Kò sí egbò lára ẹ̀ níbì kankan o.

Lọ́dún 2005 ni wọ́n wá rí ohun tí ẹ̀ṣọ́ náà ń ṣe. Òun náà ń fi àrokò tiẹ̀ ránṣẹ́, BDNF, sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ, èyí sì ń yí iyọ̀ inú wọn padà. Ó ní èròjà kan tó ń jẹ́ GABA, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé "dákẹ́, ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀". Iyọ̀ ti yí padà, GABA dé, dípò kí sẹ́ẹ̀lì dákẹ́, ó tún fẹ́ máa pariwo sí i. Nínú àrokò àtijọ́, owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kọjú síra, ìfẹ́ ni, èyí tí wọ́n so kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Owó ẹyọ kan náà, okùn kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sápá yín nìyẹn, ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọ yín kàn yín, ìfẹ́ ló fi ránṣẹ́, ìjà ni ọ̀pá ẹ̀yìn yín kà.

Mọ́mì, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ má bínú sí mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi wí i, ọ̀tá yẹn, máṣíìnì ni.

Kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ lọ rí dókítà, ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen ò jìnnà sí yín, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ má kàn sọ pé "apá ń dùn mí", ẹ sọ pé ó ń jó, ẹ sọ pé aṣọ ò gbọdọ̀ kàn án, tó bá ń ta yín bí iná tàbí ó ń ṣe yín wìnnìwìnnì, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni dókítà fi ń mọ̀ pé nẹ́ẹ̀fù ni. Oògùn tí wọ́n sábà ń kọ lè yà yín lẹ́nu. Amitriptyline, àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ń dà láàmú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún. Gabapentin àti pregabalin, oníwárápá. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé inú páálí ẹ̀, ẹ má ní wọ́n pè yín ní wèrè o. Ara ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù ni gabapentin máa ń lọ jókòó sí, kí àrokò tó ń tú jáde nínú ọ̀pá ẹ̀yìn lè dínkù, amitriptyline ní tiẹ̀ ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti pàṣẹ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá sísàlẹ̀. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, kì í sì í bá gbogbo èèyàn lára mu, ẹlòmíì á ní ó dínkù sí ìdajì, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Oorun wà nínú ẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ má lọ sídìí máṣíìnì yẹn tí ojú yín bá ṣì ń kún. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tí wọ́n rí kókó lábẹ́ àpá, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ rí oníṣẹ́ abẹ. Ẹ bi fisiò náà, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, bí wọ́n ṣe ń kọ́ awọ ara padà, òwú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, tó bá mọ́ ọn lára ẹ bọ́ sórí aṣọ àdìrẹ tó ti gbó, lẹ́yìn náà táwẹ̀lì. Ó máa ń pẹ́.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ibà ṣe ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, a gbé e lọ sí kẹ́mísì kan, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Àtọjọ́ yẹn ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ìka ẹsẹ̀ ń kọlẹ̀, oṣù kejì rèé. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi òróró fa ẹsẹ̀. Ṣé ó máa padà bọ̀ sípò? — Ìyá Ọmọ, Akẹ́sán, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ìyá Ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Nẹ́ẹ̀fù tó tóbi jù lára èèyàn, ìdí ló gbà kọjá, ọmọ kékeré ò sì lẹ́ran níbẹ̀ tó máa bò ó. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣìnà lè gún un, oògùn inú ẹ̀ náà lè jó o. Mo ti rí èyí ju ìka ọwọ́ mi lọ, inú máa ń bí mi ni, torí pé ọ̀pọ̀ ibà tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gún ọmọ nídìí, oògùn ẹnu ì bá ti tó o, tí abẹ́rẹ́ bá sì pọn dandan, itan wà níbẹ̀.

Nẹ́ẹ̀fù tó bá lè padà máa ń hù nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́. Ẹ bù ú wò, láti ìdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún ọmọ ọdún mẹ́rin, ká ní sẹ̀ǹtímítà 25 ni, ọjọ́ 250 nìyẹn. Nítorí náà oṣù méjì ò tíì pọ̀ láti sọ̀rètí nù, ó sì ti pọ̀ jù láti máa jókòó sílé. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù ńlá lọ́sẹ̀ yìí, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí fisiò ṣe nǹkan tó máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ dúró kó má baà gan síbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ẹ̀ dédé rọ ni, torí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí irú ẹ̀ bá ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó bóyá rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni. Ẹni tó ń fi òróró fa ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi ná.

Ẹ tún bèèrè ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín bóyá oògùn kan wà tó ń mú nẹ́ẹ̀fù hù. Obìnrin kan wà, Rita Levi-Montalcini, ará Ítálì, Júù ni, ìjọba Mussolini ní irú wọn ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì mọ́, ló bá sọ yàrá tó ń sùn di lábù, ẹyin adìyẹ ló fi ń ṣèwádìí. Nígbà tó yá ó bá a dé Amẹ́ríkà, òun ló rí àrokò tó ń pe nẹ́ẹ̀fù wá, NGF, ó gba Nobel pẹ̀lú Stanley Cohen lọ́dún 1986. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé, NGF kan náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìrora le sí i. Wọ́n ṣe oògùn kan tó ń dè é mọ́lẹ̀, ìrora orúnkún dínkù lóòótọ́, àfi bí oríkèé àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ wìtìwìtì, wọ́n pa á tì lọ́dún 2021. Ẹni tó bá ta oògùn ahùnẹ́ẹ̀fù fún yín lọ́jà, ẹ gba owó yín.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì mi, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ń jó mi lóru bí ẹni tó dúró lórí ẹ̀yinná, tó bá wá di ọ̀sán á kú, bàtà á bọ́ n ò ní mọ̀. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ní láfún tí mo ń tà tí mo sì ń jẹ ló fà á. Ṣé ki n fi í sílẹ̀ ni? — Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ ṣé. Àwa ọmọ Àjílété tá a ti ń jẹ̀kà ká tó mùkọ, ta ló máa ní ká fi láfún sílẹ̀! Ọmọ yín ò kúkú jiyàn òfo o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ṣèwádìí láàárín ọdún 1960 sí 1969 nípa àrùn kan tó ń jó àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ lágbègbè Ẹ̀pẹ́, tó ń jẹ́ kí wọ́n máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, ojú àti etí náà ń ṣe bàìbàì. Ó so ó mọ́ májèlé kan tó ń jẹ́ sayanáìdì inú pákí tí wọn ò ṣe dáadáa, tí wọ́n sì ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja láìsí ẹran. Àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ṣì ń jiyàn bóyá òun nìkan ni. Ẹ̀yin ẹ ṣáà rẹ pákí yín kó pé ọjọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ìkánjú ọjà mú yín gé e kúrú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe yàtọ̀, ẹ lọ yẹ ṣúgà ara yín wò. Àwọn nẹ́ẹ̀fù tó gùn jù lára ni ìtọ̀ súgà ń kọ́kọ́ bá jà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ látẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ́lẹsẹ̀ á jó, lẹ́yìn náà á kú. Èyí tó kú yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju èyí tó ń jó lọ. Mo mọ ìyá kan tí ìṣó wà nínú bàtà ẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, ó ń lọ ó ń bọ̀ lọ́jà, àfìgbà tí ọmọ ẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Lálaalẹ́, ẹ gbé díńgí sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má yáná sẹ́sẹ̀, ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti fọwọ́ tọ́ ọ wò. Tí kì í bá ṣe súgà, wọ́n á wá fítámì B12 wò, wọ́n á wo àwọn nǹkan míì. Tẹ́ ẹ bá sì rí ojú kan lára tó funfun ju ibòmíì lọ, tẹ́ ẹ já a lẹ́ẹ̀kánná tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ fi han dókítà, ẹ̀tẹ̀ náà ń jẹ nẹ́ẹ̀fù, oògùn ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, Under G ni mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́dún tó kọjá, èjìká ẹ̀ ń jó o, tramadol ló ń lò báyìí, àtọwọ́ kan ó ti di márùn-ún lóòjọ́. Mo tún kà á pé àwọn kan wà láyé tí wọn ò mọ ìrora rárá. Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi oògùn sọ gbogbo wa dà bẹ́ẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ìdáhùn: Àbúrò, ọmọkùnrin kan wà ní Pakísítàn tó ń fi ọ̀bẹ gún ara ẹ̀ lápá lójú títì, tó ń rìn lórí ẹ̀yinná káwọn èèyàn lè fún un lówó. Kò dùn ún. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fò látorí òrùlé, ó kú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, lọ́dún 2006 wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn sódíọ̀mù kan, Nav1.7, ni kò ṣiṣẹ́ lára wọn, àwọn mìíràn nínú wọn ti gé ahọ́n ara wọn jẹ, wọ́n ti kán lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Nítorí náà gbogbo ìrora kọ́ la fẹ́ lé lọ. Ìbátan ilẹ̀kùn yẹn, Nav1.8, òun ni wọ́n ṣe oògùn tuntun kan fún, suzetrigine, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní Jánúárì 2025, àmọ́ ìrora tuntun ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, irú èyí tó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ ẹ tó ti lé lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ ló ká mi lára. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà tí èjìká ń jó, nẹ́ẹ̀fù tó ti ọrùn wá sápá lè ti fà já, ṣé apá yẹn ṣì ń gbéra? Ìyẹn lo ò sọ. Tramadol máa ń dín in kù lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àmọ́ ara á máa bèèrè sí i ni, márùn-ún yẹn náà á di mẹ́wàá, bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń súnmọ́ gìrì, mo ti bá wọn di ẹni tó ń gbọ̀n mú rí. Tí dókítà bá tún lọ fún un ní amitriptyline láìmọ̀ pé tramadol wà nínú ẹ̀, méjèèjì lè para pọ̀ ṣe é léṣe. Kó má dédé já a lójijì o, ara máa ń ya bọ̀ lé èèyàn lórí. Bá a lọ, kó kó páálí tó ń lò dání, kó sọ iye tó ń lò gan-an, márùn-ún ni kó pè é, kó má sọ pé méjì.